ÈNÌYÀN NI AṢỌ

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ajíbọ́dè, ní agbègbè Akínyẹlé, Ìbàdàn)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó orí. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni: aṣọ tí ń bẹ lára yín, gèlè tí ń bẹ lórí yín, àpò tí ẹ gbé kọ́ apá, àti bàtà tí ẹ wọ̀ wá. Ó lè jọ ọ̀rọ̀ eré létí ẹlòmíràn pé àwọn olóyè ẹgbẹ́ dìde láti àárín ìlú wá sí Ajíbọ́dè nítorí ọ̀rọ̀ gèlè àti àpò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù gbọ́ wa dé òpin, ẹ ó rí i pé oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn wà nínú rẹ̀, àti pé owó ìwé ọmọ òrukàn lè ti ibẹ̀ jáde.

Àwọn baba wa sọ ọ̀rọ̀ méjì nípa aṣọ. Èkíní ni pé, aṣọ là ń kí, kí a tó kí ènìyàn. Èkejì ni pé, ènìyàn ni aṣọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa di ọ̀rọ̀ èkíní mú ṣinṣin, wọ́n sì jọ̀wọ́ èkejì sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣe ìsìnkú, ìgbéyàwó, tàbí ìwúyè, a ó dá aṣọ ẹbí. Bí aṣọ náà bá ti òkè òkun wá, ilé iṣẹ́ tí ó hun ún jẹ èrè, ẹni tí ó kó o wọlé jẹ èrè, alágbàtà náà sì jẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n opó tí ń gbé ní ojúlé kejì sí wa, tí ó mọ aró í rẹ, kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ yóò yá owó ra aṣọ náà, nítorí pé ojú ń tì í láti dá yàtọ̀ láwùjọ. Nígbà tí ayẹyẹ bá parí, aṣọ a wọ inú àpótí, gbèsè a sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

A kò wá láti sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe oge mọ́. Yorùbá kì í fi aṣọ ṣeré, kò sì sí ẹni tí yóò rí ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tí ó dára tí inú rẹ̀ kò ní í dùn. Ohun tí a ń wí ni pé, owó kan náà tí a ti pinnu láti ná sórí aṣọ, a lè ná an ní ọ̀nà tí yóò gba ọwọ́ aláìní kọjá. Aṣọ tí kò wọ́n ju agbára lọ, tí ó dára lójú, tí ó sì pẹ́ lára, tí èrè rẹ̀ sì ń gbé ẹlòmíràn dìde: èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa.

ÀMÌ KÉKERÉ TÍ Ó Ń RÁN OPÓ LÉTÍ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lára ohun tí gbogbo yín ti fi ojú rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, bí ọjọ́ 15 bá ti ń sún mọ́, ẹ ó máa rí i pé àwọn aṣáájú ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ ń fi àmì kékeré kan há àyà. Àmì ìrántí àwọn jagunjagun ni. Láyé ìjọba òyìnbó, ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ni a ń ṣe ìrántí náà, nítorí pé ọjọ́ náà ni Ogun Àgbáyé Kìíní dáwọ́ dúró ní ọdún 1918. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé tiwa parí ní ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, a gbé ìrántí wa wá sí ọjọ́ yẹn. Owó tí a fi ń ra àmì náà wà fún ìrànlọ́wọ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì, àti àwọn opó àti ọmọ àwọn tí kò tojú ogun bọ̀.

Ibi tí àṣà yìí ti ṣẹ̀ ni ó yẹ kí a wò dáradára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1921, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta òdòdó pupa kékeré tí a ń há mọ́ aṣọ, kí owó rẹ̀ lè ran àwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara lọ́wọ́. Ní ọdún kejì, 1922, wọ́n dá ibi iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe òdòdó náà. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Owó kékeré ni ẹni tí ó rà á san. Ẹni tí ó ṣe é kò tọrọ báárà: iṣẹ́ ni a fún un, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì gbà. Bí a bá fún aláìní ní owó lónìí, yóò jẹun lónìí. Bí a bá ra iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí a sì tún padà wá rà á lóṣù tí ń bọ̀, a ti fún un ní ipò láàárín ẹgbẹ́.

ÀWỌN TÍ Ó FI AṢỌ GBÉ ARÁ ÌLÚ WỌN RÓ

Ní ilẹ̀ Íńdíà, Gandhi ṣàkíyèsí pé àwọn àgbẹ̀ a máa jókòó láìníṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù nígbà tí kò sí iṣẹ́ oko, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ó ní kí olúkúlùkù padà sí ìdí òwú ríran, kí ọlọ́rọ̀ àti ọ̀mọ̀wé sì máa wọ aṣọ tí tálákà bá hun. Ní ọdún 1921 òun fúnra rẹ̀ bọ́ aṣọ ńlá sílẹ̀, ó sán ìbàǹtẹ́ bíi tálákà oko. Ní ọdún 1925 wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn aranwú gbogbo Íńdíà sílẹ̀, kí owó lè máa dé ọwọ́ àwọn obìnrin tí ń rànwú ní abúlé. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ náà, ó ti sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú láìla ẹnu.

Kí a má lọ jìnnà, ẹ rántí Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta. Obìnrin tí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1946, tí àwọn ìyálọ́jà àti àwọn aláró kún inú rẹ̀, ó pa aṣọ òyìnbó tì, ó ró ìró, ó wé gèlè, kí ìyàtọ̀ má baà sí láàárín òun àti àwọn tí ó ń jà fún. Nínú ìjàkadì yẹn ni Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949. Ẹ kò gbọdọ̀ rò pé aṣọ ni ó ṣẹ́gun. Ìṣọ̀kan ni ó ṣẹ́gun, ṣùgbọ́n aṣọ ni ojú fi rí ìṣọ̀kan náà.

GBÉBORÙN DI ÀPÒ

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ adágún omi Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí a ti sé odò Ọ̀nà mọ́ ní ọdún 1942, ẹ mọ ewéko kan tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí ìwà rẹ̀ kò dára. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ewéko náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ní agbègbè Badagry. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká orí omi: ó dí ojú ọ̀nà ọkọ̀, ó bo àwọ̀n apẹja mọ́lẹ̀, ó sì gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ ẹja. Àwọn Yorùbá kan ń pè é ní gbéborùn, nítorí pé bí òfófó ni ó rí, kò sí ibi tí a kò pè é sí tí kì í dé.

Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Achenyo Idachaba, tí ó ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, padà wá sílé, ó sì fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Nígbà tí ó rí ewéko yìí, kò dúró sórí ìráhùn. Ó gé e, ó sá a sí oòrùn títí ó fi gbẹ, ó rí i pé a lè fi ṣe okùn. Ṣùgbọ́n kò mọ okùn í hun, nítorí náà ó lọ bá àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní Sábó, ní Ìbàdàn yìí kan náà, ó sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ilé iṣẹ́ rẹ̀, MitiMeth, ń fi gbéborùn ṣe agbọ̀n, àpò ọwọ́ obìnrin, àti ohun èlò orí tábìlì. Ó sì ń kọ́ àwọn ará ìlú etí omi ní iṣẹ́ náà, kí ohun tí ó pa iṣẹ́ ẹja wọn lára lè di ohun tí ń mú owó wọlé. Ní ọdún 2014 ó gba ẹ̀bùn ńlá kan tí ilé iṣẹ́ Cartier ti ilẹ̀ Faransé ń fún àwọn obìnrin oníṣòwò káàkiri ayé.

A fi ọ̀rọ̀ yìí síwájú yín nítorí ohun kan. Ẹni tí ó bá ra irú àpò bẹ́ẹ̀ ti ṣe oore mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ó ní àpò, ó sanwó fún ọwọ́ tí ó hun ún, ó sì dín ìdọ̀tí orí omi kù. Ẹ̀yin ará Ajíbọ́dè kò sì ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn àgbà wà láàárín yín tí ó mọ ẹní, agbọ̀n àti àkẹtẹ̀ í hun. Aládùúgbò yín ni Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ rẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà yín kọjá lójoojúmọ́. Ọjà kò jìnnà sí yín. Kí a gbé iṣẹ́ síta dáradára ni ó kù.

ARÓ, Ẹ̀KỌ ÀTI ÌYẸ́ ADÌẸ

Ọ̀rọ̀ àdìrẹ ni a fẹ́ kí ẹ̀yin àgbẹ̀ gbọ́ jù, nítorí pé inú oko yín ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Òwú, oko ni ó ti wá. Ẹ̀lú tí a fi ń rẹ aró, ewé igbó ni. Ẹ̀kọ tí a fi ń ya àwòrán sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, láfún ẹ̀gẹ́ ni a fi ń pò ó. Obìnrin a mú ìyẹ́ adìẹ, a tì í bọ inú ẹ̀kọ, a fi ya àwòrán sára aṣọ tẹ́rú funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í mu ún. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ni wọ́n sọ àwòrán kan ní Ìbàdàn Dùn, nínú èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó tí a ṣí ní ọdún 1929. Ìwé ìtàn ìlú ni àwọn ìyá wa fi aró kọ sára aṣọ, tí wọ́n sì ró o lọ sí ọjà.

Òtítọ́ ni pé ọ̀pọ̀ aláró òde òní ti ń lo aró òyìnbó àti sódà, kò sì sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ó yá jù. Ohun tí ń dunni ni pé àwọn aṣọ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, tí a ya ní àwòrán àdìrẹ, ti gba ojú ọjà. Ẹni tí ó rà á rò pé òun ra iṣẹ́ ọwọ́ ìyá arúgbó kan ní Ìtokú tàbí ní Òṣogbo. Kò mọ̀ pé ìyẹ́ adìẹ kò kan aṣọ náà rí.

Ẹni tí ó yẹ kí a dárúkọ níhìn-ín ni Olóyè Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní ọdún 1951 ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Kogí. Láàárín ẹbí rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ aró. Ní ọdún 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin aláìní ní iṣẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà ka iye àwọn tí ó ti gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ sí ohun tí ó lé ní 3,000. Owó tí a fi ń ra aṣọ àti àwòrán ni ó ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Ní ọdún 2006 ìjọba Ítálì fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá. Bí àjèjì bá rí ẹwà iṣẹ́ wa tí ó sì bu ọlá fún un, kí ni ó dé tí àwa onílé fi ń sá lọ bá ayédèrú?

Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ àánú fọ́ wa lójú. Ẹni tí ó bá ní òun yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ bàtà kan tí ń jẹ́ TOMS bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Ó ní bí ènìyàn bá ra bàtà kan, òun yóò fi ọ̀kan ta ọmọ aláìní lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ọjà náà sì tà. Lẹ́yìn náà, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbà kí àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ El Salvador. Wọ́n rí i pé bàtà ọ̀fẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí ìgbésí ayé àwọn ọmọ náà padà, àti pé àwọn ọmọ tí ó gbà á túbọ̀ ń rò pé ẹlòmíràn ni ó yẹ kí ó máa pèsè fún ìdílé wọn. Nígbà tí ó di ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà ti pa àṣà yẹn tì, ó yàn láti máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ ṣe ìrànlọ́wọ́. A yìn wọ́n nítorí pé wọ́n gbọ́ ìmọ̀ràn. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé ọ̀fẹ́ tí kò ní iṣẹ́ nínú lè sọ ọmọlúwàbí di alágbe. Bí a bá da bàtà ọ̀fẹ́ sí ìlú kan, kí ni onísọ̀bàtà ìlú náà yóò jẹ?

Ọ̀rọ̀ bọ́síkọ́nà náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ tọrẹ fún àwọn ilé ìtajà àánú, irú èyí tí Oxfam ní, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Oxford ní ọdún 1942. Owó tí a bá pa níbẹ̀ ń lọ sí ìrànlọ́wọ́ aláìní, ohun rere sì ni. Ṣùgbọ́n èyí tí kò bá tà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò a rà á ní ìdì-ìdì, a sì wọ inú ọkọ̀ ojú omi wá sí Áfíríkà. A kò bú ẹni tí ó rà á, nítorí pé ìhòòhò kò ṣe é gbé. A kàn ń sọ pé kò fi iṣẹ́ kankan fún ọwọ́ aláró, kò sì fi kún owó àgbẹ̀.

ÌDÁHÙN SÍ ÀWỌN TÍ Ó Ń BÉÈRÈ

Àwọn kan yóò wí pé, “Iṣẹ́ ọwọ́ wọ́n ju ti ẹ̀rọ lọ, àwa kò sì ní owó.” Òótọ́ ni, bí olúkúlùkù bá ń dá ra tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí 200 ọmọ ẹgbẹ́ bá pa owó pọ̀ ra aṣọ tẹ́rú ní ìdì lọ́wọ́ àwọn tí ń ta òjé, tí wọ́n sì gbé e fún àwọn aláró lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí alágbàtà láàárín, iye rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá wá fi 500 náírà lé owó aṣọ rẹ̀ fún àwọn aláìní, 100,000 náírà ni a ti kó jọ láìdá ẹnikẹ́ni lóró. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, “Ṣé kí a tìtorí àánú ra ọjà tí kò dára?” Rárá o. Àánú kò gbọdọ̀ jẹ́ ìbòjú fún iṣẹ́ àìdára. Àpò tí okùn rẹ̀ já ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí a dá a padà. Aró tuntun a máa ṣí, nítorí náà kí aláró sọ fún olùrà kí ó fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́. Kí ẹni tí ń lo sódà fi ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́, kí ó má sì da omi aró sínú odò tí ẹlòmíràn ń pọn. Iṣẹ́ tí ń ran ẹnì kan lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ pa ẹlòmíràn lára.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀ yín sí.

Èkíní, kí aṣọ ẹgbẹ́ tí a ó tún dá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn aláró tàbí ahunṣọ tí a mọ ilé wọn, kí iye rẹ̀ má sì ju ohun tí ẹni tí ó kéré jù nínú wa lè san lọ. Ẹni tí kò bá lè ra odindi aṣọ, kí ó ra fìlà tàbí gèlè nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú tín-ín-rín rẹ̀.

Èkejì, kí a kọ owó tí a fi lé e sínú ìwé lọ́tọ̀, kí akápò kà á sétí gbogbo ènìyàn ní ìpàdé. Owó tí a kò kà síta ni ìfura ń jẹ.

Ẹ̀kẹta, kí owó náà wà fún ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ òrukàn, àti fún àwọn opó tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Kí a má sì to àwọn tí a ràn lọ́wọ́ síwájú èrò láti ya àwòrán wọn. Ẹni tí a ṣe lóore kì í ṣe ẹrú wa.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ bá àwọn aláró jíròrò bóyá ẹ̀lú gbíngbín yóò pé yín. Kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò rà á, kí a tó gbin ín.

Bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí a bá tún pé jọ, ojú yóò rí wa nínú aṣọ kan náà, a ó sì lè sọ ọwọ́ tí ó rẹ ẹ́, a ó lè sọ ọmọ tí ó ti ara rẹ̀ rí ìwé rà. Nígbà náà ni bàbá arúgbó yóò wo aṣọ lára wa, tí yóò kí aṣọ, tí yóò sì kí ènìyàn pẹ̀lú.